Ẹjọ́ Máṣíìnì Mẹ́fà

Ìwé ìjọba kì í pariwo. Á rọra gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí àlejò tí kò ní í lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a bá rí i, a máa ń kà á dé ibi tí àyà wa ti máa já, a ó ká a, a ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí kì í ka ìwé ìjọba bí àwa yòókù ṣe ń kà á. Ìsàlẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní òkè ni wọ́n ti ń dẹ́rù bani, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun téèyàn lè ṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ọmọ náà wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí ilé ìwé kọ̀wé sílé pé kó padà sí kíláàsì kejì, nítorí pé kì í dáhùn bí tíṣà bá bi í ní nǹkan. Ó ti ṣe àwọn òbí mìíràn bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì gbà fún Ọlọ́run. Obìnrin yìí ka ìwé náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó rí i pé ẹni tí ìpinnu náà kò bá tẹ́ lọ́rùn láyè láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì. Wọ́n bi í pé kí ló gbé e wá. Ó ní, "Kò tẹ́ mi lọ́rùn ni." Wọ́n ní kí ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ ní ọmọ mi kì í dáhùn. Ẹ gbé ìwé kíláàsì kẹta wá, ẹ fún un ní pẹ́ńsù, kí tíṣà ẹ̀ sì bá wa bọ́ síta díẹ̀." Tíṣà bọ́ síta. Ọmọ dáhùn gbogbo ẹ̀, ó tún béèrè bóyá ó kù. Igbe tíṣà ni kì í jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀, kì í ṣe pé ó jẹ́ òpè. Ọmọ ọ̀hún ti di tíṣà fúnra rẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Kòtẹ́mi. Ẹni tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé nítorí irun orí, á wá. Ẹni tí wọ́n gba owó orí ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á wá. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ojú bá wá ń ti èèyàn jù, á ní kó gbé aṣọ wá kí òun bá a rán an, kó sì san owó aṣọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ lẹ ń lọ bẹ̀ o, ẹ̀tọ́ yín lẹ ń lọ gbà. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ẹ má fi iyọ̀ sí i." Àwọn tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu ń padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn tó fi iyọ̀ sí i, iyọ̀ náà ló máa ń já wọn kulẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ yàrá kan, tó ga díẹ̀ sí ojú títì, tí èèyàn ní láti gun àtẹ̀gùn kó tó wọlé. Tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, ojú rẹ̀ ti dán bí awọ ìlù tí ọwọ́ ti pa lára. Òwú oríṣiríṣi kọ́ sára ìṣó lára ògiri. Máṣíìnì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mẹ́ta dojú kọ mẹ́ta, bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, èèyàn á sì ní láti kígbe kó tó lè tọrọ síṣọ́ọ̀sì. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ti Ìyá Kòtẹ́mi. Máṣíìnì márùn-ún yòókù, ti àwọn ọmọṣẹ́ ni. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ á gbé máṣíìnì tirẹ̀ wá, lọ́jọ́ tó bá sì parí, á gbé e lọ.

Kò sí ọmọdé kankan nínú wọn. Ọ̀kan ti ṣe kọ́ńdọ́ ọkọ̀ rí títí ohùn fi há mọ́ ọn lọ́fun, Kọ́ńdọ́ la ṣì ń pè é. Àgbà gbogbo wọn sì ni ìyá opó kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ọmọṣẹ́. Ìyá yìí ju ọ̀gá rẹ̀ lọ ní ọdún púpọ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun ti lọ, ọkọ òun ti lọ, òun ò lè jókòó kí ọwọ́ òun náà tún lọ. Wàhálà ńlá ni àpọ́nlé jẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Màmá ń pe ọ̀gá ní "ẹ̀yin" nítorí ọ̀gá ni. Ọ̀gá ń pe Màmá ní "ẹ̀yin" nítorí àgbà ni. Bí Màmá bá rán apá aṣọ sódì, ọ̀gá á kúnlẹ̀ bá a wí: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi tú apá yìí, ẹ ti rán iwájú mẹ́yìn." Màmá náà á dìde fún ìbáwí: "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi." Oníbàárà tó bá ń wò wọ́n á rò pé ọpẹ́ ni wọ́n ń dú.

Ní òdìkejì títì, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n fi gíláàsì ṣe iwájú rẹ̀, tí ère onígi wọ kóòtù dúró nínú rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Ẹni tó ni ín, Onígíláàsì là ń pè é. Òun àti Ìyá Kòtẹ́mi jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Wọn ò bá ara wọn jà rí. Ìkíni wọn nìkan ló máa ń ní ẹ̀gún nínú. "Bọ̀dá mi, ère yín yẹn ò tíì sanwó kóòtù?" "Àbúrò mi, ṣé àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ tún ń rí àyè mí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹnìkọ̀ọ̀kan á wọlé lọ payín keke.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ owó orí kan ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù ni, ó di fáìlì mọ́yà bí ẹni pé atẹ́gùn máa gbà á. Nígbà tó parí lọ́dọ̀ Onígíláàsì, Onígíláàsì sìn ín kọjá títì, ó sì sọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Kòtẹ́mi kó lè gbọ́: "Ẹ tún yà síbí, ọ̀gá mi. Kò ní í pẹ́ yín. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Obìnrin tó ń bá gbogbo àdúgbò rojọ́! Ọ̀rọ̀ náà gún un. Kò tíì gbé síṣọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mélòó ni tiyín nínú àwọn máṣíìnì yìí?"

"Ṣé ẹ ò rí wọn ni? Ẹ kà wọ́n. Gbogbo ẹ̀ pátá, tèmi ni."

"Àwọn tó jókòó sídìí ẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Òṣìṣẹ́ mi ni wọ́n. Èmi ni mò ń sanwó fún gbogbo wọn. Bóṣù bá ti parí báyìí, kíá."

Màmá Ọmọṣẹ́ gbé ojú sókè, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó tún sọ ojú kalẹ̀ sórí iṣẹ́. Kọ́ńdọ́ fi ẹsẹ̀ dá máṣíìnì dúró. Onígíláàsì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò fọhùn, ó kàn ń fọwọ́ pa irun imú ni. Òṣìṣẹ́ owó orí kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ká sọ tòótọ́, inú Ìyá Kòtẹ́mi dùn lọ́jọ́ náà. Orin ló fi rán aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ẹyin nígbà tí orin bá ń dùn?

Kò pẹ́ tí ìwé gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, iléeṣẹ́ oní-máṣíìnì mẹ́fà àti òṣìṣẹ́ márùn-ún, wọ́n sì bu owó orí iléeṣẹ́ lé e. Gbogbo aṣọ tó lè rán lọ́dún kò lè san án. Bí kò bá sì rí i san, wọn yóò wá kó àwọn máṣíìnì náà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó ka ìwé náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀nà àbáyọ wà níbẹ̀ lóòótọ́: ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pẹjọ́ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gòkè lọ, ó pàdé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò fi kún un, kò yọ níbẹ̀: "Gbogbo ẹ̀ pátá, tèmi ni." Ó wá ibi tí òun lè dì mú, kò rí. Àṣìṣe àwọn aláṣẹ ló mọ̀ ọ́n tú, èyí kì í ṣe àṣìṣe wọn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó pe àwọn ọmọṣẹ́ jọ, ó kà á fún wọn. Kọ́ńdọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, máṣíìnì tèmi ńkọ́? Èyí tí mo fi gbogbo ohùn mi rà?" Màmá Ọmọṣẹ́ fọwọ́ lé orí máṣíìnì tirẹ̀.

"Ilẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mo tà kí n tó rà á," ló wí. "Ọ̀gá mi, kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Kòtẹ́mi kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe láti báni wí. "Ìgbéraga ni, mà. Ẹ forí jì mí." Ojú tì í débi pé kò lè gbé e sókè. Kò bẹ̀rù owó orí tó bó ṣe bẹ̀rù pé kí wọ́n wá gbé máṣíìnì opó lójú òun, nítorí ẹnu òun.

Màmá Ọmọṣẹ́ jẹ́ kó wà lórí ìkúnlẹ̀ fúngbà díẹ̀, nítorí pé ó dun òun náà. Ó wá ní, "Ẹ dìde. Ẹ lọ pẹjọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, a ó tú orí máṣíìnì wa kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, a ó rù ú tẹ̀ lé yín. Tí wọ́n bá fẹ́ kó o, kí wọ́n kó o lójú wa. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ó ku ọ̀la kí wọ́n jókòó ẹjọ́ náà, Onígíláàsì sọdá títì wá. Wọ́n ti kọ̀wé sí òun náà pé kó wá jẹ́rìí, nítorí pé ó wà níbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àbúrò, tí o bá bẹ̀ mí dáadáa, màá ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi máa ń di."

"Ẹ gbọ́ ọ, bọ̀dá mi."

"Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo lè gbàgbé."

"Ẹ má gbàgbé o. Ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ má fi iyọ̀ sí i."

"Orí rẹ le, ìwọ obìnrin yìí!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fìlà kì í dúró lórí tó bá rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, Onígíláàsì ò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe kọjá títì padà, ẹ̀rín Ìyá Kòtẹ́mi náà gbẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e ohun tó máa ná òun. Kì í ṣe iwájú ìgbìmọ̀ nìkan ni òun ti máa jẹ́wọ́. Iwájú Onígíláàsì ni.

Ilé tí ìgbìmọ̀ ti ń jókòó wà lókè àtẹ̀gùn gígùn kan. Àwọn ọmọṣẹ́ ru orí máṣíìnì wọn gun òkè, Kọ́ńdọ́ ru ti ara rẹ̀ àti ti ọ̀gá. Màmá Ọmọṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé tirẹ̀, ó ń sinmi, ó ń gòkè, ó ń bú ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn náà. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, máṣíìnì lórí itan. Nínú yàrá náà, tábìlì gígùn kan wà pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi lórí rẹ̀, fáànù òkè ń ké bí ẹni tó ń ráhùn, èèyàn mẹ́ta sì jókòó lẹ́yìn tábìlì. Alága wọn jẹ́ obìnrin àgbà tó ń wo èèyàn láti òkè gíláàsì ojú. Àwọn ará àdúgbò tí Ìyá Kòtẹ́mi ti bá rojọ́ rí kún ẹ̀yìn yàrá. Wọ́n wá wo bí ọ̀gá ẹjọ́ yóò ṣe gbé ẹni ṣubú.

Òṣìṣẹ́ owó orí ka ohun tó kọ. Wọ́n pe Onígíláàsì, ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí, òun fetí ara òun gbọ́ ọ. Alága kọjú sí Ìyá Kòtẹ́mi.

"Màámi, ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Irọ́ ni mo pa."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní "Haà!" Etí Ìyá Kòtẹ́mi gbóná, ó sì mọ̀ láìwẹ̀yìn pé Onígíláàsì ń wo ọrùn òun.

"Kí ló dé tí ẹ purọ́?"

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà. Èmi sì fẹ́ kí nǹkan wà níbẹ̀." "Máṣíìnì kan ni mo ní. Ọ̀kan náà ni mo ti ní láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ kankan ò sí."

Alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, ẹ purọ́ kí ẹ lè gbayì. Ta ló máa sọ fún wa pé ẹ ò purọ́ lónìí kí ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí?"

Kò gbára dì fún èyí. Gbogbo ọdún tó fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń pẹjọ́, òótọ́ ló máa ń fi borí; kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òótọ́ ẹnu òun náà kò ní í tó. Ṣùgbọ́n kò bínú. Ìbéèrè náà wù ú, ìbá jẹ́ pé òun ló jókòó síbẹ̀, ohun tí òun náà máa bi í nìyẹn.

"Ẹ tọ̀nà, mà. Èmi gan-an ò ní í gba ara mi gbọ́. Ẹ má bi mí mọ́. Ẹ bi àwọn tó ni wọ́n, wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Kọ́ńdọ́ ló kọ́kọ́ wọlé, ó gbé ti ọ̀gá sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá, ó gbé máṣíìnì tirẹ̀ lé tábìlì, gbì! Omi ta sílẹ̀ láti inú jọ́ọ̀gì. "Tèmi nìyí." Èkejì wọlé, gbì. "Tèmi nìyí, mà." Báyìí ni wọ́n ń tò wọ́n síwájú ìgbìmọ̀ títí ọmọ ìgbìmọ̀ kan fi gbé ìwé rẹ̀ lé itan. Màmá Ọmọṣẹ́ ló kẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Kò gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ó dì í mọ́ra.

"Màmá," ni alága wí, "èló ni obìnrin yìí ń san fún yín lóṣù?"

"Ta ni? Ọ̀gá?" Ẹnu ya Màmá. "Àwa là ń sanwó fún un! Mo ṣì jẹ ẹ́ lówó ìkọ́ṣẹ́ di ìsinsìnyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an létí."

Ẹ̀rín bú jáde, fáànù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ owó orí gbọ́wọ́ sókè, ó ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọmọ iṣẹ́ lè gbè sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Alága wo ìwé iwájú rẹ̀, ó ń fi bírò lu tábìlì.

Nígbà náà ni ẹnì kan hú ikọ́ lẹ́yìn. Onígíláàsì ti dìde.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rí mi ò tíì tán. Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn lẹ bi mí, ẹ ò bi mí bóyá òótọ́ ni." Ó na ìka sí máṣíìnì dúdú tí Kọ́ńdọ́ gbé sí ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. "Èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀ yẹn nìkan ló ní. A jọ kọ́ṣẹ́ ni. Òun ló gbé wọlé lọ́jọ́ tó wá kọ́ṣẹ́, òun ló ṣì ń lò. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Mi ò sọ̀rọ̀ nítorí pé ó ń dùn mọ́ mi."

Ó jókòó. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ìyá Kòtẹ́mi yíjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà, ó sì rí i pé ojú ń ti òun náà.

Àwọn mẹ́ta náà forí korí. Kò pẹ́ rárá. Alága tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó kọ̀wé díẹ̀, ó wá kà á: ìgbìmọ̀ fagi lé owó orí iléeṣẹ́ tí wọ́n bù fún obìnrin yìí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan máṣíìnì àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n gba owó orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aránṣọ oní-máṣíìnì kan, tí kò ní òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ kígbe ayọ̀. Màmá Ọmọṣẹ́ wá gbé máṣíìnì rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó lé ilẹ̀, ó ń fi gèlè nu ojú. Àwọn ará àdúgbò ti ń dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Kòtẹ́mi kò kúrò lójú kan. "Ẹ jọ̀ọ́, alága, ẹ bá mi tún un kà."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, màámi?"

"Mo gbọ́ o, mà. Ibi tí ẹ ti dárúkọ máṣíìnì kan yẹn. Ẹ kà á sókè dáadáa, kó dé ẹ̀yìn."

Alága wò ó láti òkè gíláàsì. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, kí gbogbo wọn yíjú padà, Onígíláàsì náà. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè: "Aránṣọ oní-máṣíìnì kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ìyá Kòtẹ́mi wí, ọrùn rẹ̀ gún régé. "Èmi nìyẹn."